Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Ọ̀rá

Ìyá ọkọ mi ò pè mí ní àjẹ́ lójú mi rí. Ohun tí wọ́n sọ burú ju ìyẹn lọ: wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ọ̀kan, kí èmi fúnra mi má mọ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Èkó wá sí Mowe nígbà náà, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tolówó tàlákà. Ọkọ mi ti kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ sórí ilẹ̀ rẹ̀, ó ní kí a wọ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ilé ara ẹni tí kò ní sílìn sàn ju ilé onílé lọ. Mo gbà fún un. Ohun tí kò sọ fún mi ni bí Mowe ṣe máa ń rí lọ́sàn-án.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ pátá, gbogbo àdúgbò á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Tí oòrùn bá fi máa mú díẹ̀, o ò ní gbọ́ ohùn èèyàn kankan mọ́. Àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ló yí wa ká, koríko ti hù nínú pálọ̀ wọn. Ní òdìkejì wa gan-an, ilé alájà kan wà tí kò lórùlé. Ọ̀rá ni wọ́n fi bo ojú fèrèsé rẹ̀, bí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́, ọ̀rá náà á fà sínú, á tún wú síta, bí ẹni tó ń mí. Èmi àti ọmọbìnrin mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, la jọ máa ń wà nílé, èmi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun lábẹ́ tábìlì láàárín àgékù aṣọ. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òru ò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, torí ọkọ mi wà nílé lóru.

Nígbà tí wọ́n wá ní ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti ìlú wọn lápá Ọ̀yọ́, pé kí wọ́n wá máa gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa, inú mi dùn ju ti ọmọ tí wọ́n bí lọ. Mo ti rí ẹni tí màá máa bá sọ̀rọ̀. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Wọ́n máa ń kọrin fún ọmọ mi títí á fi sùn, tí wọ́n bá sì jí láàárọ̀, wọ́n á ki mí bí ẹni ki ìyàwó ọba, èmi náà á kúnlẹ̀, orí mi á máa wú. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi.

"Ìyàwó mi, mi ò kì í jẹ màgí o. Tí mo bá jẹ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, orí mi á wú bí agbọ̀n."

Màgí ni wọ́n ń pe gbogbo èròjà amọ́bẹ̀dùn, ì báà jẹ́ oníhóró tàbí oníyẹ̀fun, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá títì náà kín wọn lẹ́yìn. Ó ní àwọn kan wà tí ara wọn kì í gbà á. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sórí bébà fún mi, MSG, ó ní kí n máa wá a lẹ́yìn ohunkóhun tí mo bá fẹ́ rà, tí mo bá ti rí i níbẹ̀, kí n dá a padà.

Ṣé èmi ni wọ́n á ní kí n ṣe nǹkan kí n má ṣe é? Ọjọ́ yẹn náà ni mo kó gbogbo màgí inú ilé fún aládùúgbò. Àmọ́ èmi tí wọ́n fi màgí tọ́ dàgbà l'Ékòó, ọbẹ̀ tí kò ní in dà bí omi ìfọwọ́ lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí láti gbé irú rẹ̀ síwájú ìyá ọkọ. Ọjà Ìbàfò ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ. Èròjà kan ni, inú ọ̀rá aláwọ̀ ewé ló wà, wọ́n ya àlùbọ́sà àti tòmátì sí i lára, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé kò sí MSG nínú rẹ̀, ewébẹ̀ àti ewé olóòórùn nìkan ni. Mo yí i sẹ́yìn yí i síwájú. Mi ò rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn níbì kankan àyàfi níbi tí wọ́n ti ní kò sí. Mo ra púpọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo fi se ẹ̀fọ́ rírò. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ́, wọ́n ń yìn mí. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè, wọ́n ní ọmọ àwọn ríran kó tó fẹ́ mi. Mo dúró tì wọ́n, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn dúró nínú abọ́. Wọ́n gbé ojú sókè, àmọ́ kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn èjìká mi ni.

"Ta nìyẹn?"

"Ta ni, Mà?"

"Obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ yẹn."

Mo yíjú padà. Ògiri ni mo rí, àti aṣọ ìnuwọ́ tí mo fi kọ́. Wọ́n fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀yìn ọrùn wọn, wọ́n ní ẹnì kan ń fi nǹkan gbígbóná kan àwọn níbẹ̀, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ti kú, àwọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà. Ọkàn wọn ń sáré bí ti adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Mo gbé wọn wọlé, mo fi aṣọ tútù lé wọn lórí, nígbà tó sì máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ. Àwa méjèèjì fi í rẹ́rìn-ín. Ojú àgbà, a ní.

Kò lọ. Ó ń padà wá. Tí mo bá se ẹ̀kọ fún wọn, kò sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá jẹ àgbàdo sísun, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá fi gbogbo ara se ọbẹ̀, tí mo fẹ́ kí inú wọn dùn, ọjọ́ náà ni ọrùn wọn á gbóná, tí àyà wọn á máa lù, tí ojú wọn á sì rékọjá mi sí ẹnì kan tí èmi ò rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kí i. Wọ́n ní, "Ẹ kúulé o," wọ́n sì ń retí kí wọ́n dá wọn lóhùn. Ọmọ mi tó wà lábẹ́ tábìlì yọrí síta, ó wo ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ń wò, ó tún wo èmi. Ara mi ta gìrì. Bí mo ṣe rí i pé ara wọn ń burú sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ń sapá sí ọbẹ̀ náà, mo ń fi èròjà aláwọ̀ ewé kún un, kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n lókun.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Ifọ̀. Ọmọ ìjọ tó gbóná ni, wọ́n sì fẹ́ràn ìyá wọn bí ojú. Àwọn ló ní kí a gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n sì wá sí Mowe kí a lè jọ gbà á. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kọ lásán la fi ń ṣínu nírọ̀lẹ́, ara ìyá ọkọ mi sì dá bí ti ọmọge. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń jó. Ayọ̀ wá gbé mi dé ibi tí kò yẹ kó gbé mi dé: mo ní a máa fi ọbẹ̀ gidi parí ààwẹ̀ náà. Ọbẹ̀ adìyẹ ni mo sè, ọ̀rá méjì odindi ni mo dà sí i. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí a fi jókòó jẹun. Ìyá ọkọ mi ò jẹ ìdajì kí wọ́n tó di ẹ̀yìn ọrùn mú, tí wọ́n pariwo, "Ó ti dé! Ó ti dúró lẹ́yìn ìyàwó mi!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò wo ẹ̀yìn mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, tí mo ṣì fi di ìgbakọ mú.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," wọ́n ní. Wọn ò parí òwe náà. Ta ni kò mọ ìparí rẹ̀?

Pásítọ̀ wọn ló là á yé wa nígbà tí a lọ bá a ní Ifọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ó ní àwọn kan wà tí wọn kò mọ̀: ara wọn á sùn, ẹ̀mí wọn á jáde, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn á di ìpalára fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ǹ bá fẹ́ kí wọ́n bú mi. Ẹni tó bá bú mi, mo ní èsì fún un, gbogbo ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń káàánú mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá ọkọ mi ò bá wa padà sí Mowe. Ọmọ mi náà ò padà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kó wà lọ́dọ̀ àwọn títí "ọ̀rọ̀ náà" á fi yanjú.

Mo kọjú sí ọkọ mi. "Ọmọ mi ni wọ́n gbà yẹn. O ò rí ọ̀rọ̀ sọ?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ó ní. "Jẹ́ kí Màámi balẹ̀ ná."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ara mi ti ń bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò ṣe rí. Tí mo bá ń gé aṣọ, mo máa ń dúró, mo máa ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wọ̀ ọ́. Ilé dákẹ́, ọ̀rá fèrèsé òdìkejì ń mí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da pọ́dà ọmọ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó sùn, kí n lè wò ó láàárọ̀ bóyá mo jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, tí kò wọ bàtà, ó ń jáde, kò sì sí èyí tó ń wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ mi lé e. Ó bá a mu. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo sin ọkọ mi dé géètì lójú oorun nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Mo rò pé bó ṣe rí nìyẹn. Títí di òní, mi ò lè búra.

Ìbínú ló gbà mí. Mo jókòó sí ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ní tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, ó dáa. Àmọ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, màá tọ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ yìí ń fọwọ́ kàn wò, níkọ̀ọ̀kan. Mo tọ́ iyọ̀. Mo tọ́ epo, mo tọ́ ata gígún, omijé dà lójú mi. Mo já ọ̀rá aláwọ̀ ewé, mo da èròjà náà sórí ahọ́n, mo dúró.

Adùn kan dìde. Kì í ṣe adùn ewébẹ̀. Ó yọ láti abẹ́ ahọ́n mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, omi kún ẹnu mi, ó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Màgí ni, nínú ilé tí màgí kò sí.

Mo yí ọ̀rá náà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní, ìdajì rẹ̀ sì wọ abẹ́ ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ ọ̀rá náà pọ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí ìránṣọ mi, mo tú ojú ìlẹ̀pọ̀ náà bí ẹni tú aṣọ tó rán dànù, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Iyọ̀ wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn orúkọ gígùn tí mi ò mọ̀, àti nọ́ńbà méjì, 627 àti 631, bí nọ́ńbà ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Mo gbé e, mo rìn dé ilé ìwòsàn nínú oòrùn.

"Ẹ ní tí mi ò bá ti rí MSG, kò sí wàhálà," mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà. Mi ò tilẹ̀ kí i dáadáa.

Ó gba ọ̀rá náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń fi ìka tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan. Èyí ni ohun tí wọ́n fà jáde lára ìwúkàrà. Èyí ni ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ́ títí tó fi di adùn lásán. Nọ́ńbà méjì yìí, wọn kì í sábà dá rìn. Adùn kan náà yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé káàkiri, àwọn ni wọ́n ń mú kó le sí i.

"Wọ́n purọ́ nìyẹn?"

"Wọn ò purọ́. Wọn ò da MSG sí i. Ohun tí MSG máa ń wà nínú rẹ̀ ni wọ́n dà sí i." Ó dá ọ̀rá náà padà fún mi. "Kì í ṣe gbogbo ara ló ń bá jà. Ìwọ ń jẹ ẹ́, kò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ bíi ti ìyá yẹn, o ti fún un ní èyí tó pọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ gbogbo orúkọ rẹ̀ fún ẹ. Má bínú."

Mo bínú. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ọ̀rá tí mo rà kí n fi tọ́jú ìyá ọkọ mi ló ń dúró lẹ́yìn mi. Àmọ́ mo tún ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn yẹn bí òmùgọ̀, torí mo rò pé ó ti parí. Mo rò pé ohun tí a kọ sílẹ̀ lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lọ.

Ní Ifọ̀, mo tẹ́ ọ̀rá náà síwájú ìyá ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Ara ìyá ọkọ mi ti yá pátá lọ́hùn-ún, torí irú àti edé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ń se ọbẹ̀, bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn láti kékeré. Ìyẹn gan-an ló wá ta kò mí.

"Ṣé èèyàn ni ọ̀rá máa ń dà?" ìyá ọkọ mi bi mí. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo rí i, ìyàwó mi. Mo rí ojú rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ tó ru ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ó jọ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ká ọ̀rá náà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò bá mi jà. Wọ́n ní ìdáǹdè wà lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n jáde síwájú, kí wọ́n gbàdúrà fún mi, lẹ́yìn náà kí n máa mú ọmọ mi lọ sílé. Ọmọ mi wà lórí itan wọn. Mo na ọwọ́ sí i, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá kó wá.

Mo jáde síwájú. Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà tó bá wù yín. Ẹni tí wọn ò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni yóò sọ pé òun ò ní jáde. Wọ́n da òróró sí mi ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ìjọ na ọwọ́ sí mi, ariwo wọn ń ti páànù òrùlé sókè. Pásítọ̀ bi mí bóyá mo ti fi ẹ̀mí náà sílẹ̀.

"Mo ti fi í sílẹ̀," mo ní. Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá ọkọ mi sáré wá dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún ayọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n fẹ́ràn mi gidi.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ìyá ọkọ mi àti ọmọ mi, jọ padà sí Mowe. Mo ti kó gbogbo ọ̀rá aláwọ̀ ewé dà sí ṣáláńgá. Ìrẹsì ọ̀fàdà ni mo sè lọ́jọ́ yẹn, irú, edé, ata àti iyọ̀ nìkan ni mo fi se ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi jẹun, wọ́n lá ọwọ́. Ọrùn wọn ò gbóná. Wọ́n ní kí n wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń ṣiṣẹ́, mo ní àmín. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọmọ mi ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. Ó di ṣíbí mú, ó ń wo ẹnu ìyá àgbà rẹ̀, ó ń wo ọ̀fun wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jẹun.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́, kò pariwo, kò sunkún. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá padà sí ìlú wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo gbé oúnjẹ síwájú ọmọ mi lọ́sàn-án, ó kàn jókòó. Mo bu ṣíbí kan jẹ lójú rẹ̀, mo gbé e mì, mo la ẹnu kó wo inú rẹ̀.

"Ṣé o rí i? Mọ́mì ti jẹ ẹ́. Kò ṣe Mọ́mì ní nǹkan kan."

Ó rò ó díẹ̀. Ó rọra ti abọ́ náà padà síwájú mi.

"Tiyín ni," ó ní. "Kò lè ṣe ẹ̀yin ní nǹkan kan."